Agbèrò Tí Ó Wọ Inú Kọ̀ǹpútà Mi

Ọ̀rọ̀ tí akápò ẹ̀ka wa bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé oṣooṣù, ní Ìgbájọ

Alága ní kí n fi ìṣẹ́jú díẹ̀ bá yín sọ ọ̀rọ̀ kan. Mo dúpẹ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti ń rìn láàárín ìgboro kí ó tó dé ìpàdé yìí. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà akápò ti bàjẹ́. Àwọn kan ní àwọn ọmọ yahoo ti wọ inú rẹ̀. Ẹnì kan tilẹ̀ pàdé ìyàwó mi lọ́jà, ó ní, "Ìyá, ṣé lóòótọ́ ni pé ìwé owó wa ti sọnù?"

Ìwé náà kò sọnù. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ kí ọkàn lè balẹ̀. Orúkọ gbogbo yín, iye tí olúkúlùkù ti dá, àti iye tí ó kù lọ́rùn ẹni tí ó yá owó, gbogbo rẹ̀ ni ó pé. Mo ti tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, Akọ̀wé sì ní ẹ̀dà kan lọ́wọ́ báyìí. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí tirẹ̀, kí ó bi í lẹ́yìn ìpàdé. Ṣùgbọ́n nǹkan ṣẹlẹ̀. Ó sì kù díẹ̀ kí ìwé náà sọnù lóòótọ́. Kì í ṣe olè ni ìbá gbé e lọ, bí kò ṣe ẹni tí mo fẹ́ sanwó fún pé kí ó bá mi tún ẹ̀rọ ṣe. Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ àti bí a ṣe yanjú rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, nítorí mo mọ̀ pé kọ̀ǹpútà tèmi nìkan kọ́ ni ó ní irú àrùn yìí nínú ìlú.

N ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀bi ara mi. Kọ̀ǹpútà náà, ti ilé ni. Tòkunbọ̀ ni, ọmọ mi àgbà ni ó rà á fún mi nígbà tí ẹ yàn mí sípò akápò, kí n lè jáwọ́ nínú ìwé ńlá onílà tí akápò àná fi lé mi lọ́wọ́. Mo kọ́ bí a ti ń ṣírò owó nínú Excel, inú mi sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kan náà yìí ni àwọn ọmọ fi ń wo fíìmù, òun ni wọ́n fi ń gbọ́ orin, òun ni àwọn ọmọ àdúgbò fi ń tẹ iṣẹ́ àṣetiléwá wọn. Owó yín wà nínú ilé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, n kò sì ní ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn. Wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Èmi ni mo la ògiri náà.

Nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni ó bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ṣí Chrome, dípò ojú ewé tí mo mọ̀, òmíràn ni yóò jáde, tí ó ní àpótí ìwádìí bíi ti Google ṣùgbọ́n tí kì í ṣe Google. Bí mo bá kọ nǹkan síbẹ̀, yóò fò láti ibì kan sí ibòmíràn lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó dúró, ìpolówó ọjà ni yóò sì kó síwájú mi: oògùn ìtọ̀ súgà, tẹ́tẹ́, owó yíyá láìsí onígbọ̀wọ́. Mo yí i padà sí Google. Nígbà tí mo pa ẹ̀rọ tí mo tún tàn án, ó ti padà sí bí ó ti wà. Ní igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, àkọlé pupa a máa yọ jáde pé kọ̀ǹpútà mi ti kó kòkòrò 5, kí n tẹ ibẹ̀ kíákíá. Dátà tí ó ń tó mi lò fún oṣù kan kò tó ọjọ́ 12 mọ́. Mo rò pé nǹkan ti wọ́n náà ni, bí epo bẹntiróòlù ṣe wọ́n. Mo ń rà á, mo ń kùn.

Ohun tí ó jí mi lójú oorun ni ọ̀rọ̀ ọmọ mi kejì. Ó ti parí ìwé, ó ń wá iṣẹ́, bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ yín. Ó gbọ́ pé iléeṣẹ́ ìjọba kan ń gba ènìyàn, ó sì kọ orúkọ iléeṣẹ́ náà sínú àpótí ìwádìí yẹn. Ojú ewé tí ó jáde lókè pátápátá ní àsìá Nàìjíríà lára, ó ní àmì ìjọba, ó ní kí ó san ₦5,000 fún fọ́ọ̀mù. Ìyá rẹ̀ ni ó fún un lówó náà nínú owó ọjà rẹ̀. Ó san án sí àkáǹtì tí wọ́n kọ síbẹ̀. Títí di òní olónìí, kò rí fọ́ọ̀mù, kò sì sí ẹni tí ó gbé fóònù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sọ fún àwọn ọmọ yín nílé: àwọn iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ti kìlọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà pé àwọn kì í ta fọ́ọ̀mù iṣẹ́. Ẹni tí ó bá ní kí ọmọ yín sanwó fún un, olè ni.

Ni mo bá gbé ẹ̀rọ náà, ó di ọ̀dọ̀ atúnkọ̀ǹpútà-ṣe kan. N kò ní dárúkọ rẹ̀ tàbí ìlú rẹ̀. Kò tíì wò ó ju ìṣẹ́jú méjì lọ tí ó fi ní àfi kí òun fọ gbogbo inú rẹ̀ dànù, kí òun gbé Windows tuntun lé e, ₦15,000. Mo ní, "Ìwé tí ó wà nínú rẹ̀ ńkọ́?" Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ ti kó o pamọ́ síbòmíràn?" Mo ní rárá. Ó ní, "Á lọ nìyẹn o." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé omi ti tán nínú kete. Mo gbé ẹ̀rọ mi, mo jáde. Ní ojú ọ̀nà, nínú mọ́tò, mo gbé e lé ẹsẹ̀ bí ọmọ tuntun. Gbogbo owó tí ẹ dá wà lórí itan mi.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ni ó bá mi yanjú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ni ó ń kọ́, ó sì wá kí wa ní ọjọ́ Àìkú. Ó ní, "Bàbá, ẹ má fọ ohunkóhun o. Èyí kì í ṣe irú èyí tí ń pa fáìlì jẹ. Ẹ jẹ́ kí a jọ wò ó." Alẹ́ ọjọ́ kan péré ni a lò, a ò sì san kọ́bọ̀.

Ó kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí nǹkan náà jẹ́. N ó fi ọ̀rọ̀ tiwa sọ ọ́. Ẹ̀yin ará gáréèjì, ẹ má bínú sí mi, ẹ mọ irú èyí tí mo ń wí. Èrò kan bọ́ sílẹ̀ ní gáréèjì, ó ní Ìlọrin ni òun ń lọ. Agbèrò kan já àpò rẹ̀ gbà, ó ní "Ìlọrin nìyí, wọlé, wọlé," ó tì í sínú ọkọ̀ tí yóò kọ́kọ́ lọ sí ibòmíràn, nítorí pé awakọ̀ ọkọ̀ náà ni ó ń fún un ní owó orí. Èrò lè dé Ìlọrin nígbà tí ó bá yá. Ó sì lè má dé ibẹ̀. Agbèrò ti gba tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ètò tí ó wọ inú Chrome mi. Àwọn olóyìnbó ń pè é ní adware, èyí tí ó sì ń já bùráúsà gbà ni wọ́n ń pè ní browser hijacker. Gbogbo ìgbà tí mo bá wá nǹkan, tí ó sì tì mí gba ojú ewé rẹ̀ kọjá, ẹnì kan níbì kan ń gba owó orí lórí mi. Ojú mi ni ó ń tà, dátà tí mo fi owó oṣù rà ni ó sì fi ń gbé mi lọ sí ọjà. Kì í bìkítà bóyá ìpolówó tí ó gbé wá jẹ́ òtítọ́ tàbí ti gbájúẹ̀. Ibẹ̀ ni ₦5,000 ìyàwó mi gbà lọ.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ àwọn ọmọ kéékèèké ni. Ní oṣù Kẹfà 2017, ilé-iṣẹ́ Check Point tú àṣírí irú ètò kan tí wọ́n pè ní Fireball. Wọ́n ní Rafotech, ilé-iṣẹ́ ìpolówó ọjà kan ní Beijing ní Ṣáínà, ni ó ni í, wọ́n sì kà á pé ó ti wọ kọ̀ǹpútà tí ó lé ní mílíọ̀nù 250 káàkiri ayé. Microsoft ní wọ́n ti bù mọ́ iye náà. Bí a bá tilẹ̀ yọ púpọ̀ kúrò níbẹ̀, iye tí ó kù pọ̀ púpọ̀. Ó ń wọlé mọ́ àwọn ètò ọ̀fẹ́, ó sì ń yí ojú ewé ìwádìí àwọn ènìyàn padà, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣe tèmi.

Báwo ni ó ṣe wọlé? Èyí ni ó dùn mí jù, nítorí pé ọwọ́ wa ni a fi ṣílẹ̀kùn fún un. Ọmọ kan fẹ́ wo fíìmù. Ìkànnì náà ní kí ó kọ́kọ́ gba ètò kan tí ń ṣí fíìmù. Ó rí ibì kan tí wọ́n kọ Download sí gàdàgbà pẹ̀lú àwọ̀ ewé, ó tẹ̀ ẹ́, ìpolówó ni. Nígbà tí ètò náà ń gúnlẹ̀ sínú ẹ̀rọ, ó ń béèrè ọ̀rọ̀, ọmọ náà sì ń tẹ Next, Next, Next, bí ẹni ń ṣe àmín nínú àdúrà tí kò gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀. Nínú àwọn Next náà ni wọ́n ti béèrè pé, "Ṣé kí a yí ojú ewé ìwádìí yín padà? Ṣé kí a fi èyí kún un?" Wọ́n ti bá a fa ìlà sí "bẹ́ẹ̀ ni" kí ó tó dé ibẹ̀. Ẹni tí ó bá tẹ Custom tàbí Advanced dípò Recommended ni yóò rí àwọn ìlà náà, tí yóò sì lè pa wọ́n rẹ́. Irọ́ mìíràn tí ó gbajúmọ̀ ni èyí tí ń sọ pé Flash Player yín ti gbó, ẹ gba tuntun. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: Adobe ti pa Flash tì ní 31 Oṣù Kejìlá 2020. Kò sí tuntun kankan. Ẹni tí ó bá ń fi Flash tuntun lọ̀ yín lónìí, òkú ni ó ń tà.

Ṣùgbọ́n a kò lè di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn ọmọ wa. Nígbà mìíràn, inú ilé-iṣẹ́ ni agbèrò ti wọ ọkọ̀. Ní 2014, Lenovo ń ta kọ̀ǹpútà alágbèéká tí wọ́n ti fi ètò kan tí ń jẹ́ Superfish sínú rẹ̀ kí ó tó kúrò lọ́wọ́ wọn. Ó ń ti ìpolówó bọ inú ojú ewé tí ènìyàn ń wò, ó sì ba àmì àgádágodo tí ó yẹ kí ó dáàbò bo ojú ewé báńkì jẹ́. Ariwo ta ní oṣù Kejì 2015. Ní oṣù Kẹsàn-án 2017, Lenovo gbà láti san mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀ dọ́là fún ìpínlẹ̀ 32 ní Amẹ́ríkà. Lágbègbè tiwa níhìn-ín, ní oṣù Kẹjọ 2020, àwọn olùwádìí Secure-D àti ìwé ìròyìn BuzzFeed News fi hàn pé fóònù Tecno W2 tí wọ́n tà ní Ghana, Cameroon, Íjíbítì, Ethiopia àti South Africa ti ní ètò burúkú nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ń forúkọ àwọn olówó fóònù sílẹ̀ fún ohun tí wọn kò béèrè, ó sì ń jẹ káàdì wọn. Àwọn tí ó ni Tecno ní ẹnì kan láàárín àwọn tí ń bá àwọn ṣe fóònù ni ó fi í sí i, àwọn sì ti ṣe àtúnṣe. Ta ni ń ra fóònù olówó pọ́ọ́kú? Àwa òṣìṣẹ́ ni. Ẹni tí owó rẹ̀ kéré ni wọ́n ń jẹ ní kọ́bọ̀ kọ́bọ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé kò ní agbẹjọ́rò.

Ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a lé e jáde.

Ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ náà ṣe ni pé ó da ìwé owó yín àti àwọn àwòrán ilé sórí fláàṣì. Fáìlì ìwé àti àwòrán nìkan o. Kò da ètò kankan kọ, kí ó má baà gbé àrùn náà mọ́ra. Nígbà tí ó yọ fláàṣì náà tí ó fi lé mi lọ́wọ́, àyà mi rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Lẹ́yìn náà, ó pa íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ni ẹ̀yin ará ilé-iṣẹ́ ń ṣe kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀rọ tí ó ń ṣe ségesège? Ẹ ó kọ́kọ́ pa iná rẹ̀. Ìdí kan náà ni. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá wà, bí a ti ń yọ ọ́ ni yóò máa pe ara rẹ̀ padà.

Ó wá wọ Settings, ó wọ Apps, ó wọ Installed apps, ó sì tò wọ́n gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ tí wọ́n wọlé. Ọgbọ́n ńlá ni èyí. Ètò fíìmù yẹn wà níbẹ̀, àwọn mẹ́ta mìíràn tí kò sí ẹni tí ó mọ̀ wọ́n sì wọlé ní ọjọ́ kan náà: ọ̀kan ní òun ń mú kọ̀ǹpútà yára, ọ̀kan ní òun ń bá ènìyàn wá nǹkan, ọ̀kan kò tilẹ̀ ní orúkọ gidi. A yọ gbogbo wọn. Ọ̀kan nínú wọn ń bẹ̀ wá bí ẹni tí wọ́n fẹ́ lé kúrò níbi iṣẹ́: ó kọ "má yọ mí" gàdàgbà sínú àpótí aláwọ̀ ewé, ó wá fi lẹ́tà tín-ń-tín kọ "yọ ọ́" sí ìsàlẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ kà á. Kí ẹ má sì fi ìbínú yọ ohun gbogbo tí orúkọ rẹ̀ ṣàjèjì o. Bí ẹ bá rí Intel, Realtek tàbí Microsoft Visual C++, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Àwọn ni ń mú ẹ̀rọ ṣiṣẹ́.

Mo rò pé ó ti parí. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ọmọ Ìgbájọ, ẹ mọ ìtàn Kírìjì. Ìlú wa níbí ni àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn fi ṣe ibùdó, tí àwọn Èkìtìparapọ̀ sì wà ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Ogun bẹ̀rẹ̀ ní 1877, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886, síbẹ̀ ó di 1893 kí gbogbo ogun náà tó túká pátápátá. Ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé, ọ̀tọ̀ ni kí ibùdó kankan má ṣẹ́ kù. Agbèrò yìí ní ibùdó tí ó ju ẹyọ kan lọ.

Ibùdó kejì wà nínú Chrome fúnra rẹ̀. A tẹ àmì tó mẹ́ta lókè lọ́wọ́ ọ̀tún, a wọ Extensions, níbi tí àwọn ẹ̀yà àfikún tí a lẹ̀ mọ́ Chrome wà. Mẹ́rin ni a bá níbẹ̀. Ẹyọ kan ni ọmọ mi mọ̀. A tẹ Remove fún mẹ́ta tí ó kù. Ọ̀kan kọ̀, kò jẹ́ kí a yọ òun, Chrome sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé "Managed by your organization", èyíinì ni pé iléeṣẹ́ kan ni ó ń ṣàkóso bùráúsà yìí. Iléeṣẹ́ wo? Inú ilé mi ni mo wà! Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ yẹn lórí kọ̀ǹpútà tí iléeṣẹ́ fún yín, kò burú. Bí ẹ bá rí i lórí èyí tí ẹ fi owó ara yín rà, ẹ fura: àlejò ti fi ara rẹ̀ ṣe baálé. A fi ìyẹn sílẹ̀ fún ohun èlò tí n ó dárúkọ láìpẹ́.

Ibùdó kẹta pa mí lẹ́rìn-ín. Àwòrán Chrome tí ó wà lójú kọ̀ǹpútà, tí mo ń tẹ̀ lójoojúmọ́, wọ́n ti so nǹkan mọ́ ọn nídìí. Ọmọ náà fi ọ̀tún máọ̀sì tẹ̀ ẹ́, ó wọ Properties, ó ní kí n wo ìlà Target. Ó yẹ kí ìlà náà parí sí chrome.exe. Tèmi kò parí síbẹ̀. Wọ́n ti kọ orúkọ ìkànnì wọn sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi ń padà ní gbogbo ìgbà tí mo bá tún ṣí Chrome! A pa àwòrán náà rẹ́, a ṣe òmíràn.

Lẹ́yìn èyí ni a tẹ Reset settings nínú Settings Chrome, kí ohun gbogbo lè padà sí bí wọ́n ṣe ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀. Kì í pa àwọn ojú ewé tí ẹ fi pamọ́ rẹ́, kì í sì í pa ọ̀rọ̀-ìwọlé yín rẹ́, nítorí náà ẹ má bẹ̀rù.

Ti àkọlé pupa tí ó ní mo ti kó kòkòrò 5 ńkọ́? Irọ́ ni láti òkè délẹ̀. Kì í tilẹ̀ ṣe inú kọ̀ǹpútà ni ó wà. Ìkànnì kan ni ó béèrè nígbà kan pé ṣé kí òun máa ránṣẹ́ sí wa, ẹnì kan nínú ilé mi sì tẹ Allow kí ó lè rí fíìmù wò. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń ránṣẹ́ ìdẹ́rùbà. A wọ Privacy and security, a wọ Site settings, a wọ Notifications, a bá orúkọ ìkànnì 11 níbẹ̀, a yọ gbogbo wọn. Àkọlé pupa náà kò yọ mọ́ títí di òní. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀ tí ó ní nọ́ńbà fóònù lára, ẹ má pè é. Gbájúẹ̀ ni yóò gbé e, yóò sì ní kí ẹ jẹ́ kí òun wọ inú kọ̀ǹpútà yín láti bá yín tún un ṣe.

Ohun èlò tí mo ní n ó dárúkọ ni AdwCleaner. Malwarebytes ni ó ni í láti 2016, ọ̀fẹ́ sì ni. Ọmọ náà ti gbà á sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ láti ìkànnì Malwarebytes gan-an, kì í ṣe láti ibòmíràn, nítorí pé àwọn ọ̀bàyéjẹ́ ti ṣe ayédèrú rẹ̀ rí. Ó fi fláàṣì gbé e wá. Ó rí ohun tí ó ṣẹ́ kù, títí kan èyí tí ó ní òun ni baálé, ó sì kó wọn dànù. Lẹ́yìn náà a jẹ́ kí Microsoft Defender tí ó wà nínú Windows yẹ gbogbo ẹ̀rọ wò. Ẹ óò gbọ́ lẹ́nu àwọn kan pé Chrome ní ohun ìfọ̀mọ́ tirẹ̀. Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò ní 2023.

Mo sùn lóru ọjọ́ náà bí ọba. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, agbèrò ti padà.

Ẹnì kan ń béèrè níbẹ̀ yẹn pé, "Ibo ló gbà wọlé?" Ìbéèrè tí mo bi ọmọ náà lórí fóònù nìyẹn. Ó ní, "Bàbá, ta ni ó tún ń lo orúkọ Google tí ẹ fi ń wọ Chrome?" Mo ní ọmọ mi àgbà tí ó wà ní Òṣogbo ni ó bá mi ṣí i, ó sì wà lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ náà. Ó ní ibẹ̀ ni. Chrome a máa da ohun tí ó wà lórí ẹ̀rọ kan sórí èkejì bí orúkọ wọn bá jẹ́ ọ̀kan náà. A ti gbá ilé tèmi, ilé tirẹ̀ dọ̀tí, afẹ́fẹ́ sì ń gbé ìdọ̀tí náà padà. Ọmọ mi yọ tirẹ̀, mo tún yọ tèmi, ó sì tán. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo fi fóònù tí ó mọ́ pààrọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀-ìwọlé mi, ti báńkì ni mo kọ́kọ́ ṣe.

Alága ń wo aago, n ó yára. Ohun tí mo ti yí padà nílé nìyí. Àwọn ọmọ ní orúkọ tiwọn nínú Windows báyìí, irú èyí tí kò lè fi ètò sínú ẹ̀rọ láìjẹ́ pé èmi ni mo tẹ ọ̀rọ̀-ìwọlé. Wọ́n kùn díẹ̀. Ìwé owó yín kò sí níbi tí wọ́n ti lè dé. Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, n ó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, n ó sì da á sórí fláàṣì méjì. Ọ̀kan lọ́dọ̀ mi, ọ̀kan lọ́dọ̀ Akọ̀wé. Mo fẹ́ kí ìpàdé yìí fi èyí ṣe òfin, kí akápò tí ó bá gba ipò lọ́wọ́ mi má baà ní láti gbé owó yín lé itan nínú mọ́tò. Ẹni tí ó ṣì ń lo Windows 10, kí ó mọ̀ pé Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ rẹ̀ dúró láti 14 Oṣù Kẹwàá 2025, àfi ẹni tí ó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún àkókò. Kí a jọ jókòó wo bóyá ẹ̀rọ rẹ̀ lè gba 11.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yóò tún wá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ń bọ̀. Ó ní òun yóò jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ di ọ̀sán. Ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá ń ṣe bíi tèmi, kí ó gbé e wá, pẹ̀lú fláàṣì tí kò sí nǹkan lórí rẹ̀. Kò ní gba owó; ẹ lè mú iṣu wá fún un bí ẹ bá fẹ́. Ẹ má gbàgbé sájà o, kí ẹ sì ti fi iná kún bátìrì láti ilé, nítorí pé n kò lè ṣe onígbọ̀wọ́ iná ìjọba.